Ta ni yóò kọ́ àwọn ọmọ wa ní B.K. ní Sábó?

  Òjò ti lé àwọn oníbàárà lọ lónìí, ìyẹn ló jẹ́ kí n ráyè jókòó tẹ ọ̀rọ̀ yìí sórí fóònù. Tó bá gùn, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní ìpàdé wa oṣù tó kọjá, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ohun tí ẹnì kejì ń sọ mọ́. Ẹnì kan ní ká kó ọmọ wa kúrò nílé-ìwé ìjọba. Ẹnì kan ní ká gbé e lọ bá CAN. Bàbá kan ní tòun ni pé kí wọ́n yọ ẹ̀sìn kúrò nílé-ìwé pátápátá, kí oníkálukú máa kọ́ ọmọ tiẹ̀ nílé. Alága lu agogo títí ọwọ́ fi ń ro ó, a gbàdúrà lọ́nà méjèèjì bí a ti máa ń ṣe, a tú ká. Mi ò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ náà, torí ohun tí mo ní í sọ ò lè tán láàárín ìṣẹ́jú méjì tí wọ́n ń fún wa. Inú ilé mi lọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, mo sì ti fẹsẹ̀ ara mi wọ kíláàsì náà, mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo kọ́ ọmọ.

Ẹni tó mọ̀ mí mọ̀ pé páàtì ọ̀kadà àti ti kẹ̀kẹ́ NAPEP ni mò ń tà ní ọjà Sábó. Ilé-ìwé aládàáni ni gbogbo àwọn ọmọ mi ti kà á, títí dórí àbíkẹ́yìn, obìnrin. Ṣùgbọ́n ẹ rántí 2023, nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù May, tí náírà sì já wálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹrù tí mo ń fi owó kan gbé láti Èkó di ìlọ́po méjì, àwọn ọlọ́kadà tí ń rà lọ́wọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà so páàtì tó ti kú. Kí la fẹ́ ṣe? Ní September ọdún náà, mo mú ọmọ náà lọ sílé-ìwé ìjọba tó sún mọ́ wa, wọ́n fi í sí kíláàsì kẹta. Mi ò ní dárúkọ ilé-ìwé náà, torí àwọn tó wà níbẹ̀ ò ṣe mí níbi.

Àwọn ọmọ tó wà ní kíláàsì ẹ̀ lé ní àádọ́rùn-ún. Àwọn ọmọ Kristẹni tó wà láàárín wọn jẹ́ mẹ́rìnlá. Olùkọ́ fún ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Ìsìláàmù wà, wọ́n tó mẹ́rin nínú ilé-ìwé náà. Olùkọ́ fún B.K. (mo mọ̀ pé C.R.S. ni wọ́n ń pè é báyìí, B.K. ni ti ìgbà tiwa) kò sí ẹyọ kan.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ mi ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé, mo gbọ́ tó ń ka Fátíhà. Ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fo ẹyọ kan, ohùn rẹ̀ sì dùn. Ìyá rẹ̀ tó ń ro ọkà lọ́wọ́ fi omorogùn sílẹ̀. Ọmọ Baptist ni ìyàwó mi, ọmọ Baptist tó ń lọ WMU lójò lẹ́ẹ̀rùn. Ó ní, "Ta ló kọ́ ẹ nìyẹn?" Ọmọ ní Màlámù wọn ni. Ó ní, "Má kà á nílé mi mọ́." Ọmọ náà wò ó, ó ní, "Màmá, ṣé kí n gbàgbé ẹ̀ ni?" Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn nínú àwa méjèèjì.

Nígbà tí káàdì ìdánwò dé ní ìparí táàmù, 71 ló gbà nínú I.R.S. Níbi tí wọ́n kọ C.R.S. sí, ìlà ni wọ́n fà síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilé wa ṣe rí, kí ẹ lè mọ ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀. Bàbá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ilé Mùsùlùmí ni wọ́n bí i sí. Nígbà tó fẹ́ wọ ilé-ìwé ní nǹkan bí ọdún 1940 sí i, ilé-ìwé míṣọ́n nìkan ló wà nítòsí wọn, ilé-ìwé náà ò sì gba ọmọ tí kò bá ní í jẹ́ orúkọ inú Bíbélì. Bó ṣe di onígbàgbọ́ nìyẹn. Ó bá àwọn èèyàn wa wá sókè ọya, ó ń ta aṣọ, ó bá wọn kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn ìyá mi, ó fẹ́ ìyàwó kejì, Mùsùlùmí ni ìyẹn, àwọn ọmọ ìyẹn sì tẹ̀lé ìyá wọn. (Ìjọ dá bàbá mi dúró lẹ́nu Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa nítorí ìyàwó kejì yẹn, ó sì ń lọ síjọ lọ́jọ́ gbogbo títí ó fi kú, yóò jókòó sẹ́yìn.) Nítorí náà, nígbà tí mo bá ń sọ̀rọ̀ Mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ àbúrò mi ni mò ń sọ, ẹni tó ń gbé ní Tudun Wada tá a jọ ń pín ẹran Iléyá àti ìrẹsì Kérésì.

Àbúrò mi yìí ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Bùọ̀dá, ó mọ̀ ọ́n kà ju àwọn ọmọ tèmi lọ o." Lẹ́yìn náà ló wá pa ẹ̀rín mọ́ra. Ó ní, "Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọmọ tèmi ló délé tó ń kọrin ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n kọ́ ọ ní sùkúù, ṣé mi ò ní í béèrè ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dìde.

Lọ́yà kan wà nínú ìjọ wa tó la ọ̀rọ̀ òfin yé mi. Abala 38 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ni ó wà. Ó ní kò gbọdọ̀ sí ẹni tí wọ́n máa fi dandan kọ́ ní ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tí kì í ṣe tiẹ̀, tàbí tí òbí rẹ̀ ò fọwọ́ sí, ní ibi ìkẹ́kọ̀ọ́ kankan. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn fi pín sí méjì nílé-ìwé ìjọba, tí ọmọ Kristẹni á lọ sí tiẹ̀, tí ọmọ Mùsùlùmí á lọ sí tiẹ̀. Òfin yìí dára, mo gbóríyìn fún ẹni tó kọ ọ́. Àmọ́ òfin kì í mú ṣọ́ọ̀kì. Bí olùkọ́ ò bá sí, kí ni òfin fẹ́ ṣe fún ọmọ mẹ́rìnlá tí wọ́n ní kó jáde síta nígbà tí àwọn tó kù bá ń kàwé lọ́wọ́?

Mo lọ rí hẹdimásítà. Ará inú Birnin ni, bàbá àgbà tó mọ ìwà hù. A kíra lẹ́ẹ̀mẹwàá, a béèrè ilé, a béèrè ọjà, a béèrè òjò. Lẹ́yìn náà ni mo sọ tinú mi. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ba mu da malami." A ò ní olùkọ́. Ó fa ìwé kan yọ, ó fi hàn mí pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni òun ti kọ̀wé lọ sí ọ́fíìsì tó ń pín olùkọ́ pé kí wọ́n fún òun ní ẹni tó lè kọ́ C.R.S., wọn ò fèsì. Ẹni tó ń kọ́ ọ tẹ́lẹ̀, wọ́n ti gbé e lọ sí ibòmíì. Mo bi í pé kí ló dé táwọn ọmọ tiwa fi ń jókòó síbi tí wọ́n ti ń kọ́ Kùránì. Ó ní òun ò fi dandan mú wọn. Wọ́n ní kí wọ́n jáde, oòrùn mú wọn níta, àwọn olùkọ́ tó ń ṣọ́ ọgbà sì ń nà wọ́n pé wọ́n ń rìn gbéregbère, làwọn ọmọ fi padà sínú kíláàsì fúnra wọn. Òótọ́ ni ó sọ. Mo bi ọmọ mi, bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ náà ni.

Ẹ wo bí nǹkan kékeré ṣe máa ń rí lẹ́nu wa. Ní ìpàdé, ohun tá a ń sọ ni pé wọ́n fẹ́ sọ ọmọ wa di Mùsùlùmí. Ohun tó wà níbẹ̀ ni oòrùn àti pàṣán.

Ọ̀rọ̀ àìtó olùkọ́ yìí, gbogbo wa la mọ ibi tó ti dé ní ìpínlẹ̀ yìí. Ní 2017, nígbà El-Rufai, wọ́n fún nǹkan bí 33,000 olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìdánwò tí wọ́n gbé karí iṣẹ́ kíláàsì kẹrin, ìjọba ní 21,780 nínú wọn ni kò gba máàkì tó yẹ. Wọ́n lé wọn lọ, wọ́n gba àwọn míì. Mi ò bá ìjọba jà lórí pé olùkọ́ tí kò mọ̀wé kó máa lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ń tún olùkọ́ pín, ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo èèyàn ń wò. Ta ló ń béèrè pé ta ni yóò kọ́ B.K. fún ọmọ mẹ́rìnlá?

Hẹdimásítà wá sọ̀rọ̀ kan tí mi ò retí. Ó ní, "Tí ẹ bá rí ẹni tó lè kọ́ wọn, ẹ mú un wá. Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá, màá fún yín ní yàrá." Mo délé, mo pe pásítọ̀, mo pe àwọn òbí tó kù, oníkálukú ń sọ pé ó dáa, ó dáa, kò sẹ́ni tó ráyè. Ọjọ́bọ̀ dé. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo lọ fúnra mi.

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. WAEC 1988 ni mo ní, B.K. sì wà lára ohun tí mo yege nínú ẹ̀. Mo ti kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní ìjọ wa fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Mo rò pé ohun kan náà ni. Kì í ṣe ohun kan náà rárá. Ní ìjọ, gbogbo ọmọ tó wà níwájú ẹ, ìjọ kan ni wọ́n ti wá, èdè kan ni wọ́n ń sọ, orin kan ni wọ́n mọ̀. Nínú kíláàsì yìí, mo rí ọmọ ECWA, ọmọ Kátólíìkì, ọmọ Ańgílíkà, ọmọ Deeper Life, ọmọ Sẹ̀lẹ́, àti ọmọ Ẹlẹ́rìí Jèhófà kan tí kì í bá wa ṣe Àmín. Ọmọ Jaba wà níbẹ̀, ọmọ Kataf, ọmọ Ìbò, ọmọ Tiv. Haúsá ni mo fi kọ́ wọn. Èmi tí mo mọ ìtàn Jósẹ́fù ní Yorùbá látinú oyún, ọ̀rọ̀ "kànga" ń sá fún mi lẹ́nu ní Haúsá.

Ẹnì kan fún mi ní ìwé tí wọ́n ń lò. Ìwé náà jẹ́ ti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ pa nǹkan pọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ nílé-ìwé láti 2014 á rántí pé NERDC, àwọn tó ń ṣe ètò ẹ̀kọ́, kó Social Studies, Civic, ẹ̀kọ́ ààbò àti ẹ̀sìn méjèèjì sábẹ́ orúkọ kan, wọ́n pè é ní Religion and National Values. Wọ́n ní iṣẹ́ tí ọmọ ń kà ti pọ̀ jù. CAN fárí gá. Ní 2017, Pásítọ̀ Ayokunle tó jẹ́ ààrẹ CAN nígbà náà, Baptist bíi tèmi, kó àwọn aṣáájú lọ bá Osinbajo tó ń dele Ààrẹ, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá ní kí wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀ padà. Tèmi ni pé yíyà sọ́tọ̀ dára, ṣùgbọ́n gbogbo ariwo yẹn, lórí orúkọ tí wọ́n kọ sẹ́yìn ìwé ló dá lé. Níbi tí mo dúró sí pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ò pọ̀.

Ọjọ́ kejì tí mo lọ, mo ń sọ bí àwọn ẹ̀gbọ́n Jósẹ́fù ṣe jù ú sínú kòtò. Mo rí orí ọmọ mẹ́ta lójú fèrèsé, àwọn ọmọ Mùsùlùmí tí wọ́n ti parí tiwọn. Ọ̀kan nínú wọn ké sí mi láti ìta pé, "Annabi Yusufu ne!" Pé àwọn mọ̀ ọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sọ ọ́, ti ẹ̀wù tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ pa, ti bàbá tí ojú ẹ̀ fọ́ nítorí ẹkún. Àwọn ọmọ tèmi ní rárá, ojú Jékọ́bù kò fọ́ nítorí ẹkún. Ariwo sọ. Màlámù wọn sáré dé láti wá lé wọn, ọ̀dọ́kùnrin kan báyìí, kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lọ. Ó gbọ́ ohun tí wọ́n ń jà lé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní nínú Kùránì, ojú bàbá Yusufu funfun nítorí ìbànújẹ́, ó sì là padà nígbà tí wọ́n da ẹ̀wù ọmọ náà bò ó lójú. Mo ní nínú tiwa, ọjọ́ ogbó ló jẹ́ kí ojú bàbá náà di bàìbàì. Àwọn ọmọ ń wo àwa méjèèjì bí ìgbà tí wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù. Láti ọjọ́ náà, èmi pẹ̀lú Màlámù yẹn di ọ̀rẹ́. Páàtì ọ̀kadà ẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ló ti ń rà á.

Ọjọ́ tó le jù ni ọjọ́ tí ọmọkùnrin kan gbọ́wọ́ sókè. Ó ní, "Uncle, ṣé òótọ́ ni pé iná ọ̀run ni gbogbo Mùsùlùmí ń lọ?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fi ara yín sí ipò mi. Ibi tá a wà nìyẹn, Zaria ni. Mo wà ní SS2 ní March 1987, nígbà tí wàhálà bẹ̀rẹ̀ ní College of Education ní Kafanchan lórí ọ̀rọ̀ ìwàásù, tó fi ran dé Kàdúná, Funtua, Katsina, tó sì dé ọ̀dọ̀ wa níbí. Mo rí èéfín ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá mi kó àwa ọmọ ìyá mi lọ sílé ìyá àbúrò mi, Mùsùlùmí yẹn, obìnrin náà sì dúró sẹ́nu ọ̀nà ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn tó dáná sun ilé Ọlọ́run lọ́jọ́ náà, ọ̀pọ̀ wọn ò ju ọmọ ilé-ìwé lọ. Ẹnì kan ló kọ́ wọn ní nǹkan kan nípa wa. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni àwọn tó pa èèyàn lójú ọ̀nà lọ́hùn-ún, ẹnì kan kọ́ wọn ní nǹkan kan nípa Mùsùlùmí.

Mo bi ọmọ náà pé ta ló jókòó tì í nínú kíláàsì. Ó dárúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọ Mùsùlùmí. Mo ní ta ló fún un lómi mu lánàá nígbà tí ẹ̀rọ omi bà jẹ́? Ó ní òun náà ni. Mo ní, "Ọ̀rọ̀ iná ọ̀run, Ọlọ́run ni adájọ́ ibẹ̀, kò fi iṣẹ́ náà rán ìwọ àbí èmi. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wa lónìí ni Jósẹ́fù, bó ṣe dárí ji àwọn tó tà á." Mo padà sídìí iṣẹ́ mi.

Lọ́jọ́ kejì, òbí kan wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Kò kí mi dáadáa. Ó ní wọ́n ní mo ń fi omi lú ìyìn rere, pé mi ò lè sọ òótọ́ fún ọmọ. Mo ní, "Màdáámù, ní ìjọ, a ń wàásù. Nínú kíláàsì ìjọba, a ń kọ́ ọmọ ní ohun tó wà nínú ìwé, kó lè mọ̀ ọ́n, kó lè kọ ọ́ nígbà ìdánwò. Tí ọmọ yín bá fẹ́ gbọ́ ìwàásù, ọjọ́ Sunday ń bọ̀." Ó yọ ọmọ rẹ̀ kúrò. Ọ̀sẹ̀ méjì sí ìdánwò, ọmọ náà padà wá. Mi ò bi í léèrè nǹkan kan.

Mo fẹ́ sọ èyí fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pariwo pé Haúsá ló ń fìyà jẹ wá. Ẹ jẹ́ ká wo ilé náà. Ohun tí wọ́n ṣe fún bàbá mi lọ́jọ́sí, àwa Yorùbá la ṣe é fún ara wa. Nítorí irú ẹ̀ làwọn Mùsùlùmí Èkó fi dá Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní 1923, kí ọmọ wọn lè kàwé láìyí orúkọ padà. Títí di òní, ilé-ìwé wà nílẹ̀ Yorùbá tí ọmọ Mùsùlùmí ń jókòó sínú B.K. torí pé olùkọ́ tiwọn ò sí. Ọ̀rọ̀ híjáàbù nìkan, ó di June 17, 2022 kí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ tó parí ti Èkó, pé àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè wọ̀ ọ́ nílé-ìwé ìjọba. Àbúrò mi Tudun Wada máa ń sọ pé, "Bùọ̀dá, ohun tí ẹ ń sunkún ẹ̀ níbí, àwa ń sunkún ẹ̀ nílé." Mi ò rí èsì fọ̀ sí i.

Àwọn tó ní ká kó owó jọ kọ́ ilé-ìwé tiwa, ìyẹn náà ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Abala 38 yẹn kan náà gba ẹlẹ́sìn láyè láti kọ́ ẹ̀sìn tiwọn fáwọn ọmọ tiwọn nílé-ìwé tó jẹ́ tiwọn pátápátá. Zaria pàápàá mọ irú rẹ̀. Dókítà Walter Miller ti CMS wọ ìlú yìí ní 1905, inú Birnin gan-an ni wọ́n ti gbà á láyè, ó ń ṣe ìtọ́jú aláìsàn, ó ń kọ́ ọmọ ní ìwé, kí àwọn èèyàn rẹ̀ tó kó jáde lọ sí Wusasa ní 1929. Ilé-ìwé St. Bartholomew's tó wà níbẹ̀ ni Gowon ti kàwé kó tó lọ sí Barewa. Iṣẹ́ tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo iye ọdún tí wọ́n fi ṣe é, ẹ sì wo owó òkè òkun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwa tá ò tíì sanwó ìpàdé oṣù mẹ́rin, ilé-ìwé wo la fẹ́ kọ́? Ọmọ tó wà ní kíláàsì kẹta báyìí ò lè dúró dè wá.

Bàbá tó ní kí wọ́n yọ ẹ̀sìn kúrò pátápátá, mo bọ̀wọ̀ fún yín, sà. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá yọ ọ́, ṣé ilé la ti fẹ́ kọ́ wọn? Èmi kí n tó ti ṣọ́ọ̀bù, aago mẹ́jọ alẹ́. Fóònù ni yóò kọ́ wọn, àti ọmọ àdúgbò. Àwọn Haúsá ní Islamiyya lẹ́yìn ilé-ìwé, ọmọ wọn ń lọ lójoojúmọ́, ọjọ́ Sunday nìkan ni tiwa, ìdajì ẹ̀ sì ni orin.

Ọ̀kan tún wà tó ń yọ mí lẹ́nu díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kọjá. Méjì ni ẹ̀sìn tí wọ́n ń kọ́. Ọmọ Yorùbá kan nínú kíláàsì yẹn ní bàbá bàbá òun nílé, eégún ni wọ́n ń gbé, pé kí ni wọ́n ń pe ẹ̀sìn yẹn nínú ìwé. Mo ṣí ìwé náà títí, kò sí níbẹ̀, àfi níbi tí wọ́n ti ń bú òrìṣà. Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ kan nílẹ̀ wa ti ń fún Ìṣẹ̀ṣe ní ọjọ́ ìsinmi lóṣù August báyìí. Onígbàgbọ́ ni mí, mi ò bọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ìbéèrè ọmọ náà, ìbéèrè gidi ni.

Mo kọ́ wọn fún táàmù kan àti ààbọ̀. Lẹ́yìn náà, Ọlọ́run bá wa rí màmá kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ ilẹ̀ Kàbà, tó ní NCE nínú ẹ̀kọ́ yìí gan-an. Àwa òbí ń dá owó mọ́tò fún màmá lóṣooṣù, ₦15,000. Ìyá àwọn ọmọ mi ló ń gba owó náà jọ, òun ni kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn. Màmá yìí mọ iṣẹ́. Nígbà tí ọmọ tèmi wà ní kíláàsì kẹrin, 83 ló gbà nínú C.R.S. Fátíhà náà ò sì kúrò lórí ẹ̀. Lọ́jọ́ Iléyá tó kọjá, ó kà á fún àbúrò mi lójú gbogbo ilé, ìyàwó mi wà níbẹ̀, ó ń pín ẹran lọ, kò sọ nǹkan kan.

Ìdí tí mo fi ń kọ gbogbo èyí rèé o. Màmá ti lọ sí Lọ́kọ́já lóṣù July, ọmọ wọn obìnrin bímọ, wọn ò sì ní í padà mọ́. Ilé-ìwé ń wọlé nínú September. Àwọn ọmọ tó nílò rẹ̀ ti di mọ́kàndínlógún ní kíláàsì kẹrin àti ìkarùn-ún nìkan. Hẹdimásítà náà máa fẹ̀yìn tì lọ́dún tó ń bọ̀, a ò mọ ẹni tí yóò dé sípò rẹ̀, nítorí náà mo fẹ́ kí nǹkan yìí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ kó tó lọ. A ń wá ẹni tó mọ Haúsá sọ, tó mọ Bíbélì, tó ní sùúrù fún ọmọdé, tí kò sì ní í sọ kíláàsì di ìsọjí. Tó bá jẹ́ corper ní ABU tàbí ọmọ FCE tó ń wá ibi tí yóò ti ṣe Teaching Practice, ó dára. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fẹ̀yìn tì, ó tún dára jù. Ọjọ́bọ̀ ni, aago mẹ́wàá, ìṣẹ́jú márùndínlógójì. Owó mọ́tò wà nílẹ̀ títí di December. Ẹni tó bá lè ṣe é, kó yà sọ́dọ̀ mi ní ọjà Sábó, ní ìlà àwọn onípáàtì, kó béèrè bàbá tó ń kọ́ ọmọ ní B.K., wọn á júwe. Tí ẹ ò bá bá mi lórí ìjókòó lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ láago mẹ́wàá, ẹ dúró dè mí díẹ̀, ilé-ìwé ni mo lọ.